Oṣù Kan Tí Ọmọ́lẹ́wà Kò Béèrè

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ kan tó ń di oúnjẹ sínú ike ní Dagenham, ní London, dá Ọmọ́lẹ́wà àti àwọn mọ́kànlá mìíràn dúró kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ó kó bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó rìn dé ilé rẹ̀ ní Becontree, ó sì pe ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́. Ìyá náà ní òun ti gbá iyàrá rẹ̀, òun sì ti yí bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Láìpẹ́, Màámi."

Ọdún mẹ́fà ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó béèrè fún Universal Credit, owó tí ìjọba ń fún ẹni tí kò níṣẹ́ tàbí tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Ó dára tí kò falẹ̀, nítorí owó àkọ́kọ́ lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó dé. Ìwé ìgbélùú tirẹ̀ gbà á láyè. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ní kó má gba owó ìjọba gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn ná. Ọmọ́ládé, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Barking, tí Yorùbá rẹ̀ kò kọjá ìkíni, ni wọ́n ní kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwáṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, Ọmọ́ládé á béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá nǹkan kan ti yí padà. Ọmọ́lẹ́wà á ní kò sí.

Ní oṣù Karùn-ún, ìyá rẹ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, kò sì lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Fọlájìmí, àbúrò Ọmọ́lẹ́wà tó wà ní Kánádà, ní òun á ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó ṣáà máa lọ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Ọmọ́lẹ́wà fi ọ̀rọ̀ náà lọ Sylvanus, awakọ̀ takisí tí gbogbo ìjọ wọn ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sístà, ẹni tó bá ń gba owó ìjọba, ibùdókọ̀ Heathway yìí ni pápákọ̀ òfurufú Heathrow tiẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀."

"Tí mo bá bi wọ́n ní ọ́fíìsì ńkọ́?"

"Kí wọ́n lè máa ṣọ́ ẹ? Má dárúkọ Nàìjíríà níbẹ̀ rárá."

Sylvanus kò ní in lọ́kàn láti ṣe é níbi. Ó mọ ẹnìkan tí wọ́n dá owó rẹ̀ dúró nígbà tó lọ sílé. Ohun tí kò mọ̀ ni pé onítọ̀hún kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọmọ́ládé tún béèrè. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè Ọmọ́lẹ́wà.

"Kò sí," ó ní.

Ó ń pe ilé lójoojúmọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ pẹ́ mọ́, ó máa ń bẹ Bọ́sẹ̀, aládùúgbò tó ń tọ́jú rẹ̀, kó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Á jókòó ní Becontree, á máa gbọ́ òjò lórí páànù ilé ìyá rẹ̀.

Ìyá náà kú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà. Ó ti sọ pé kí wọ́n má gbé òun sínú yìnyín ní mọ́ṣúárì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́ládé béèrè bóyá nǹkan kan ti yí padà.

"Ìyá mi kú. Wọ́n ti sin ín."

Ọmọbìnrin náà gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó béèrè ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ́lẹ́wà sọ fún un.

"Àǹtí," ó ní, òun tí kì í pè é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, "kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wá ṣàlàyé. Ènìyàn lè wà ní ilẹ̀ òkèèrè tó oṣù kan kí owó má dúró, bó bá kọ́kọ́ sọ, tó kọ ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ayélujára, tí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí bí ìwáṣẹ́ yóò ṣe máa lọ. Bí ìbátan tímọ́tímọ́ bá kú nígbà náà, wọ́n lè fi oṣù kan kún un.

"Oṣù kan?"

"Oṣù kan, Àǹtí."

Ìwọ tó ń ka èyí, má fi ohun tí o gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ṣe òfin. Òfin ń yí padà. Béèrè tòní lọ́wọ́ ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀ kí ẹ̀rí lè wà. Bí ìpinnu wọn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o lè ní kí wọ́n tún un wò láàárín oṣù kan, Citizens Advice, àjọ tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn, á sì ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ́lẹ́wà rí iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Ó dé Ìjẹ̀bú-Igbó ní oṣù Kejìlá. Bọ́sẹ̀ ti gbá iyàrá náà. Bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò rí ìyá rẹ̀.