Ẹ̀rí Tí Jọmílójú Jẹ́

Ọbẹ̀ tí Jọmílójú gbé kaná kò tíì hó tí ọmọ rẹ̀ fi kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọ̀sán gangan, ní Ìperindó. Tinúolúwa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣì ń sáré kiri láàárọ̀. Ibà kò mú un, inú kò run ún. Nígbà tí wọ́n máa rí i lẹ́yìnkùlé, itọ́ funfun ti ń hó lẹ́nu rẹ̀. Kí ọ̀kadà tó dé láti gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́.

Erùpẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́.

“Oyún méjì ló ti bàjẹ́ nínú ilé yẹn lọ́dún yìí.”

“Kòkó wọn náà ń jẹrà lórí igi.”

“Ẹ ò rí òwìwí tó bà lé òrùlé wọn lójú ọ̀sán? Ta ló ń jẹ́ Málọmọ́ níbẹ̀? Àbíkú tó kọ̀ tí kò lọ, ọmọ ọlọ́mọ ló ń rán lọ dípò ara rẹ̀.”

Yèyé Málọmọ́ ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Ọdúntán, olórí ẹbí. Kò bímọ rí. Òun ló tọ́ Cornelius, ọmọ Bàbá Ọdúntán, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú sórí ìkúnlẹ̀. Cornelius yìí ló wá fẹ́ Jọmílójú. Yèyé náà ló wẹ òkú Tinú, tó wọ aṣọ fún un, tó sì sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ní ẹkún àjẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n pe wòlíì kan wá. Ó yí ilé ká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Yèyé, kò wọlé. “Ẹyẹ kan ń sùn níbí,” ó ní, “èèyàn sì ni.”

Bàbá Ọdúntán kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ pa ọmọ yìí?”

Yèyé yíjú sí Jọmílójú tó jókòó lórí ẹní. “Ìyá Tinú,” ló wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń wò ó, ó ń dúró.

Jọmílójú dorí kodò. Nílé tí wọ́n bí i sí, ọmọbìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Nílé ọkọ, ọdún mẹ́fà rèé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” àti “Ẹ ṣé, sà” nìkan ni Bàbá Ọdúntán ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n kó ẹrù Yèyé síta. Àwọn ọmọ tí Yèyé fẹ̀yìn pọ̀n sọ ọ́ lókùúta títí dé ibi tó ti wọ mọ́tò lọ sí Ìwàrà, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ìyá rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

“Jẹ́ ká sọ ọ́,” Jọmílójú wí fún ọkọ rẹ̀ nínú yàrá.

“Ká sọ kí ni?”

“Òórùn oògùn kòkó ló wà lẹ́nu ọmọ mi. Ike mínírà tí o bu èyí tó kù sí, ó ti ṣófo nígbà tí mo rí i.”

Cornelius fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. “Wọ́n á ní èmi ni mo pa á. Ọlọ́pàá á gbé mi lọ. Jọ̀ọ́. Wọ́n kàn ní kí Yèyé máa lọ ni, wọn ò kúkú pa á.”

Oṣù kan gbáko ni Jọmílójú fi pa á mọ́ra. Bó bá bu òkèlè, ojú Yèyé ló ń rí.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹbí lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ti yọ ọ̀tá kúrò nínú ilé. Wòlíì ní kí ìyá ọmọ wá jẹ́rìí. Bàbá Ọdúntán ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó máa sọ. Wọ́n gbé makirofóònù lé e lọ́wọ́.

“Ẹ yin Olúwa.”

“Halelúyà!”

Ó tún un wí, ìjọ tún dáhùn. Ó di tábìlì iwájú mú. Lórí àga, Cornelius ń mi orí sí i pé kó má ṣe é.

“Yèyé Málọmọ́ kọ́,” ló wí. “Yèyé kọ́ ló pa ọmọ mi. Oògùn kòkó ni. Inú ike mínírà ni bàbá rẹ̀ bu ú sí, ó gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ọmọ mi rò pé nǹkan dídùn ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń lé e lọ.”

Wòlíì nawọ́ láti gba makirofóònù.

“Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán, sà. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ẹ̀rù gbogbo yín.”

Cornelius ti dojú bolẹ̀ láàárín àga, ó ń ké pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Jọmílójú àti Bàbá Ọdúntán wọ mọ́tò lọ sí Ìwàrà. Yèyé jókòó níwájú yàrá kan tí atẹ́gùn ti ṣí ìdajì páànù rẹ̀. Ó ti rù hangogo. Bàbá Ọdúntán dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Jọmílójú kúnlẹ̀, ó rò ó tán pátá.

“Mo mọ̀,” ni Yèyé wí. “Ṣebí èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Mo gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà.”

“Ẹ mọ̀, Yèyé, ẹ ò sì sọ ọ́?”

“Kí n ní Cornelius ni? Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n? Mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu ara yín sọ ọ́ ni. Mo wò ọ́ títí, ìyá Tinú. Mo rò pé o máa sọ ọ́.”

“Mo ti sọ ọ́ báyìí. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ.”

Yèyé gbé ọwọ́ lé e lórí. “O ṣeun. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n o ṣeun. Ẹ máa lọ sílé. Ẹsẹ̀ mi ò lè wọ ilé yẹn mọ́.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tí awakọ̀ fọn fèrè lójú títì, Jọmílójú dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún. Bàbá Ọdúntán kò dìde. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, àgbàlagbà, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́.