Ẹsẹ̀ Kẹrin Táǹkì Gidan Igwai

"Ruwa ya zo! Omi ti dé!" Muaz ló kígbe bẹ́ẹ̀, ó gbé etí lé páìpù tó ń gbé omi gun òkè táǹkì.

Ariwo ayọ̀ sọ ní àdúgbò Gidan Igwai nílẹ̀ Hausa. Àwọn ìyá ti to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ láti òwúrọ̀, àwọn ọmọdé sì ń sáré yí ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbé táǹkì náà ró ká. Gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín àfi Àtinúkẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ kẹrin.

Láti ìgbà tí àrùn kòrónà ti ti ìlú pa ni òpópónà wọn ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ omi wọn bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Oníbúrẹ́dì kó ẹrù rẹ̀, onídìrí padà sí Ìlọrin, Jummai tó ń dín kósáì, àkàrà àwọn Hausa, náà wá ibòmíràn lọ. Àgádágodo ń dípẹtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún yìí ni Mai Unguwa Tanko, olórí àdúgbò, wá pe Hausa àti Yorùbá jọ, ó ní, "Bí omi bá dé, àwọn èèyàn wa á padà." Àwọn kan gbẹ́ ilẹ̀, àwọn kan ru òkúta. Adégbìtẹ́, bàbá Àtinúkẹ́, wẹ́dà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní òun lòun máa ṣe ẹsẹ̀ táǹkì. Ìgbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Ní báyìí tó ti wà ní SS2, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iná àti irin.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, bàbá lọ ra ọ̀dà ní ọjà Kasuwar Kara, ó fi oríkèé tó kù lára ẹsẹ̀ kẹrin lé Àtinúkẹ́ lọ́wọ́ kó jó o pọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é kí wọ́n jọ lọ ya fọ́tò. Ó sáré jó irin náà lóréfèé. Ó rí i pé ó ní ihò, ṣùgbọ́n Muaz, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ní, "Máa lọ jàre, ọ̀dà á bò ó."

Nígbà tí bàbá dé, ó bi í pé, "Ṣé o fi òòlù gbá a wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàámi."

Nísinsìnyí, bí omi ṣe ń wúwo sí i lókè, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lára ọ̀dà náà.

"Muaz, wo ibẹ̀. Ó ń là."

Ojú Muaz yí padà. "Pa ẹnu ẹ mọ́! Bó o bá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo èèyàn yìí, ta ló máa gbéṣẹ́ fún Bàbá mọ́? Tó bá dọ̀la, a á yọ́ wá tún un ṣe."

Àtinúkẹ́ wo bàbá rẹ̀ tó jókòó ti Mai Unguwa, tí àwọn èèyàn ń bọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ikú ta ni? Jummai ti gbé tábìlì kósáì rẹ̀ padà wá nítorí omi; ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ kẹrin, ó ń lá súwíìtì. Irin náà dún kẹ́rẹ́.

"Ku tsaya!" Àtinúkẹ́ figbe ta. "Ẹ dúró! Ẹ pa ẹ̀rọ! Ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀!" Ó sáré gbé ọmọ náà, ó gbé e jìnnà.

Mai Unguwa ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

"Àtinúkẹ́, kí ló dé?" bàbá rẹ̀ béèrè.

Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàámi, mi ò jó ẹsẹ̀ kẹrin jinlẹ̀. Mi ò fi òòlù gbá a. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Wọ́n da omi táǹkì nù títí ó fi gbẹ, wọ́n sì fi igi gbé e ró. Bàbá mú òòlù, ó gbá oríkèé náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ya kúrò. Jummai fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Subhanallahi!"

"Ọmọbìnrin lẹ gbé irú iṣẹ́ yìí fún?" ẹnìkan pariwo. Adégbìtẹ́, tó ti ń jó irin fún ọdún méjìlélógún, dorí kodò.

Mai Unguwa dájọ́: kí wọ́n tún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jó, kí Danladi, wẹ́dà kan láti Kalambaina, sì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Jummai tún ká tábìlì kósáì rẹ̀, ó sì lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọ̀dọ̀ ọlọ́mọlánke ni wọ́n ti ń ra omi, gbogbo ẹni tó bá sì rí Àtinúkẹ́ ló ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ọjọ́ kẹrin ni bàbá rẹ̀ tó bá a sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe," ni ó wí. "Irọ́ yẹn ló dùn mí. Mo fojú rẹ wo iṣẹ́ náà, o sì fọ́ mi lójú. Àmọ́ o sọ̀rọ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́. Dìde, ká lọ."

Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ni Àtinúkẹ́ àti Muaz ń ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé, wọ́n ń gbá oríkèé kọ̀ọ̀kan. Danladi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Nígbà tí omi gun òkè padà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró digbí. Láàárín oṣù kan, òróró Jummai tún ń hó, oníbúrẹ́dì sì ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kò sí ẹni tí àṣìṣe kò lè bá. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú ló ń sọ ọ́ di ewu fún ẹlòmíràn. Omi nìkan kọ́ ló ń mú kí àdúgbò sọjí; ó di ìgbà tí aládùúgbò bá lè fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn.