Ṣágo Wáìnì Kan Nítorí Casilda

Gbogbo orí Casilda ló funfun báláú lọ́jọ́ tí Emrys kọ́kọ́ rí i. Iwájú ilé bàbá rẹ̀ ló wà, ó ń fi ọ̀pá gbọọrọ lu irun àgùntàn inú tìmùtìmù wọn kó lè tú, irun náà sì ń fò bà lé e lórí àti léjìká. Emrys fa ìwé kékeré yọ lápò.

“Kí lẹ̀ ń kọ?” ni Casilda bi í. “Ṣé wọn kì í lu tìmùtìmù níbi tẹ́ ẹ ti wá ni?”

“Ṣọ́ọ̀bù la ti máa ń rà á.”

“Áà, àánú yín mà ṣe mí o. Ẹ gba ọ̀pá.”

Ọmọ ilẹ̀ Wales ni Emrys. Ó ń rìn kiri àwọn abúlé Spéènì, ó ń kọ ìròyìn nípa ìgbé ayé wọn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan nílé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló ní kóun lò ní Valdecuervo, abúlé Casilda, àmọ́ oṣù mẹ́ta kọjá, kò lọ. Nírọ̀lẹ́, òun àti Casilda a jọ rìn lọ sídìí omi. Casilda a máa fi ìrìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ó ń rìn bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tí kò fẹ́ rà. Ìfẹ́ ọmọbìnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Valdecuervo, àlejò tó bá ń fẹ́ ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ṣágo wáìnì kan fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní gbangba. Bí kò bá gbé e wá, wọn á jù ú sínú ọpọ́n òkúta táwọn ìbaaka ti ń mumi. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Leandro ọmọ alágbẹ̀dẹ dá Emrys dúró.

“Àna wa, wáìnì wa dà?”

Gbogbo ojú yí sí i. Jìnnìjìnnì bò ó. “Rárá o, ẹ̀yin ará. Mo kàn wá wo bẹ́ ẹ ṣe ń gbé ni.”

Casilda wà níbẹ̀. Ó gbọ́.

Ohun tó dun Emrys jù ni pé wọn ò jù ú sómi. Wọ́n yà fún un ni. “Ẹ má bínú, sà,” ni Leandro wí, ó sì ṣí fìlà. Látọjọ́ náà, Casilda kò dá a lóhùn mọ́. Nígbà tí Emrys lọ kan ilẹ̀kùn wọn, Hilario bàbá Casilda ló yọjú lójú fèrèsé.

“O ti wò wá tán, àbí? Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.”

Lọ́jọ́bọ̀, Emrys wọ bọ́ọ̀sì. Ó ṣí ìwé rẹ̀ kó kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, kò rí nǹkan kan kọ. Ibẹ̀ ló ti wá yé e pé òun tóun ń wo gbogbo èèyàn kiri, ẹ̀rù káwọn èèyàn wo òun náà ló ń ba òun. Ó sọ̀ kalẹ̀ nílùú tó kàn, ó ra ṣágo wáìnì, ó gbé e lé èjìká, ó rin máìlì méje padà.

Ọ̀sán gangan ló wọ gbàgede abúlé. “Casilda ni mo wá fẹ́ o!” ló pariwo. “Ẹ gba wáìnì yín!”

“O pẹ́ jù, àna wa,” ni Leandro fèsì. “A ó mu wáìnì, wàá sì wọmi.”

Wọ́n gbé e tẹsẹ̀-tapá, wọ́n sọ ọ́ sínú ọpọ́n. Orí rẹ̀ yọ, wọ́n tún tì í padà sínú omi. Ni ilẹ̀kùn ilé Hilario bá ṣí, Casilda sì ń sáré bọ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Leandro, ẹ rọra!” ló kígbe, kí gbogbo abúlé lè gbọ́. “Ọkọ mi lẹ̀ ń rì bọmi yẹn!”