Ìrẹsì Inú Àwo Kejì

"Tohura, àwo kejì yìí ò mà kú o!"

Lipi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Tohura bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwo ìrẹsì méjì ló gbìn. Ó ti kọ́kọ́ ń fún àwo kìíní ní omi oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀, omi lásán ló ń fún èkejì. Lẹ́yìn náà ló da omi iyọ̀ tó le sí méjèèjì. Èkejì ló yẹ kó kú, àmọ́ méjèèjì ló tutù yọ̀yọ̀.

Tíṣà wọn ti ṣàlàyé pé àwọn purotéènì kan ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko, káínéèsì lorúkọ wọn. Bí iyọ̀ bá kan gbòǹgbò, àwọn ló ń ta àwọn yòókù lólobó kí wọ́n lé iyọ̀ jáde. Ìrẹsì tó bá ti tọ́ iyọ̀ díẹ̀ wò yóò ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Ohun tí Tohura fẹ́ fi han bàbá rẹ̀ lọ́la níbi ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ní agbègbè Satkhira tiwa níbí, létí òkun, omi òkun ti ba oko jẹ́, bàbá sì fẹ́ sọ oko ìrẹsì tiwọn di adágún edé. "Àyàfi tí mo bá fojú ara mi rí ìrẹsì tó yè nínú iyọ̀," ló wí.

"Omi ń hó lórí ààrò," Lipi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dà á sí èkejì. Ta ló máa mọ̀?"

Tohura bu omi náà lóòótọ́, ó gbé e dé ẹ̀bá àwo kejì. Ló bá dà á sílẹ̀.

"Rárá o! Bàbá mi máa lọ fi irọ́ gbin oúnjẹ wa."

"Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́ ṣá!"

"Kí n jẹ́ ọ̀dẹ̀. Bó ṣe rí ni màá gbé e lọ."

Lọ́jọ́ kejì níbi ìpàtẹ, àwọn ọmọ kíláàsì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwo méjèèjì ló yè. Bàbá fajú ro. Tíṣà ní, "Ta tún ni ó ń bomi sí i?"

"Èmi ni," ìyá àgbà Tohura, tó bá wọn wá, dáhùn. "Ìrẹsì àná tí mo rẹ sómi, tí mo fiyọ̀ jẹ, ṣé kí n da omi rẹ̀ nù ni? Èkejì ni mo ń dà á sí. O ń kẹ́ ọ̀kan, o pa èkejì tì. Àánú ẹ̀ ṣe mí!"

"Yéè! Màmá, iyọ̀ lẹ ti ń fún un látọjọ́ yìí!" Tohura pariwo.

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Tohura ò gba ẹ̀bùn kankan, nítorí kò sí ìrẹsì tí kò tọ́ iyọ̀ wò tí wọ́n lè fi wé e. Ó dùn ún wọra. Àmọ́ bàbá dìde.

"Àwọn méjèèjì tọ́ iyọ̀ wò, àwọn méjèèjì yè. Màá fún ọ ní igun oko kan. Tún ìdánwò yẹn ṣe níbẹ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Tohura ti wà lóko, ó ń fi ọgbà yí ebè kejì, èyí tí kò gbọdọ̀ tọ́ iyọ̀ wò, ká nítorí ìyá àgbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ká ní Tohura fi omi gbígbóná pa ìrẹsì yẹn ni, ì bá gba ẹ̀bùn, kò sì ní mọ ohun tó gba ìrẹsì náà là. Òótọ́ tó kàn ọ́ lábùkù lónìí sàn ju irọ́ tí yóò febi pa ọ́ lọ́la.