Ìsinmi Ọjọ́ Kẹta

Lára ògiri yàrá àwọn olùkọ́ ni Waliyah ti kọ́kọ́ rí ohun tí yóò da òun àti Ùsámà Sàlàkọ́ pọ̀, òun náà ni yóò sì yà wọ́n. Kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ni. Ọkùnrin gíga kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má baà ká sókè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ Waliyah nìyẹn ní ilé ìwé girama ìjọba tí wọ́n gbé e wá ní Lasunwon, ní Ìkòròdú, kò sì tíì mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ ìránṣẹ́.

Ó ka kàlẹ́ńdà náà títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ sí. Ọjọ́rú kí èèyàn fi múra, Ọjọ́bọ̀ kó fi ṣọdún. Ẹ̀rín pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló bá yín rí oṣù láti oṣù kẹsàn-án?"

Ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tòun ni kóun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Waliyah dáhùn pé ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti bí òun, ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ṣọdún, wọn kì í wo ògiri. Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà jáde ni olùkọ́ kan sọ fún un pé igbá-kejì ọ̀gá ilé ìwé ló ń bá ṣàwàdà yẹn. Ojú tì í, kò lè jẹun ọ̀sán.

Inú Ùsámà, igbá-kejì ọ̀gá náà, dùn ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá, "bẹ́ẹ̀ ni sà" ni gbogbo èèyàn ń bá a sọ, ó sì ti sú u. Ẹni tó bá wu èèyàn, a kì í wá àwáwí tì láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lónìí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀kì wà ní kíláàsì Waliyah, lọ́la ó fẹ́ mọ̀ bóyá fèrèsé ibẹ̀ ń ti dáadáa. Nígbà tó yá, ó mú òjòjò gbígbóná wá, kò sì wá àwáwí kankan mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè é. Ó ní orúkọ ìyá ìyá òun ni, òun ti ń gbé e kiri láti kékeré, òun ò rí ẹni tó yẹ. Waliyah náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́tà tó ń kọ sójú pátákó á wọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sínú ìwé.

Àwọn olùkọ́ náà mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá Waliyah dúró, Ùsámà kò kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó pẹ́. Ẹnìkan sọ ọ́ sókè ní yàrá olùkọ́ pé ilé ìwé ti di ilé tọkọtaya, kí àwọn tí kò lọ́kọ níbẹ̀ yáa máa jí ní kùtùkùtù. Ùsámà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ọ̀gá àgbà máa fẹ̀yìn tì lópin ọdún ẹ̀kọ́ yẹn, gbogbo ojú ló sì wà lára Ùsámà pé òun ni yóò bọ́ sípò. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní ohun tí yóò fi bà á lórúkọ jẹ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń le mọ́ Waliyah ju gbogbo ayé lọ níbi iṣẹ́. Bí iṣẹ́ kan bá wà tí gbogbo wọn ń sá fún, Waliyah ni yóò yàn. Waliyah rò pé yóò kọjá. Ó tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ní Ùsámà méjì, ti ilé ìwé àti tòun, kí ti ilé ìwé má ṣe tọ òun wálé.

Ìyá Waliyah ń jẹ́ Làtífátù. Opó ni, ẹja ọ̀sà ló ń yan tà ní Ẹ̀pẹ́, èéfín ẹja yẹn ló fi tọ́ Waliyah àti Àlímì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dàgbà. Kò kórìíra Ùsámà, kò sì tíì gbà á. Ní ilé tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn gbọ́dọ̀ bá wọn kírun ní yídì lọ́jọ́ Ìtúnu, kó bá wọn rìn padà wálé, kí ìyá ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ ọdún fún un. Bó bá ti bu ún fún un, ó ti fọmọ fún un nìyẹn. Bí kò bá bu ún, kí wọ́n má ṣe dá ọjọ́ ìgbéyàwó kankan.

Bí ààwẹ̀ ti ń lọ sópin, Àlímì pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní màmá ti ra abọ́ tuntun, òun bi í pé ta ló fẹ́ fi bu oúnjẹ fún, ó ní kóun lọ jókòó jẹ́ẹ́. Waliyah sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó wá ku kí oṣù lé. Gbogbo ilé ìwé ti wà nílé láti Ọjọ́rú bí kàlẹ́ńdà ṣe wí, àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oṣù ò yọjú. Ààwẹ̀ di ọgbọ̀n, ọdún di Jímọ̀. Jímọ̀ yẹn gan-an sì ni ìdánwò ìparí sáà bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ jiyàn títí lórí fóònù. Àwọn kan ní kí wọ́n sún ìdánwò síwájú, àwọn kan ní tí wọ́n bá ń fi oṣù sún ìwé kíkà, ìgbà wo ni ọmọ fẹ́ mọ̀wé? Èsì tó wá láti ọ́fíìsì ni pé ọjọ́ méjì ni wọ́n kọ, ọjọ́ méjì ni wọ́n ti fún wọn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá ní ìdí, ọ̀gá rẹ̀ lè yọ̀ǹda rẹ̀.

Ara ọ̀gá àgbà kò yá, nítorí náà ọwọ́ Ùsámà ni ìyọ̀ǹda náà wà. Waliyah lọ bá a nílé ní Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la. Màmá ń retí wa."

Ùsámà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá yọ̀ǹda rẹ, ṣé o mọ ohun tí wọn yóò sọ? Jẹ́ ká lọ ní Sátidé. Ọjọ́ kan péré ni."

"Nílé wa, Sátidé kì í ṣe ọdún. Àjẹkù ọdún ni."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò fúnra òun bẹ màmá, òun yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó ṣáà bá òun mú orúkọ òun dúró títí ipò yẹn yóò fi bọ́ sí òun lọ́wọ́. Waliyah gbà. Ìfẹ́ ló jẹ́ kó gbà, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ó rò pé ohun tí obìnrin ń ṣe fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, Làtífátù ní, "Ó dáa. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹ kú iṣẹ́." Kò bínú, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ì bá sàn fún Waliyah bí ìyá rẹ̀ bá tiẹ̀ bú u.

Ní Jímọ̀, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìjókòó àwọn ọmọ Mùsùlùmí ṣófo yíká kíláàsì. Waliyah ń rìn láàárín wọn, ó ń fojú inú wo ìyá rẹ̀ nínú aṣọ ọdún. Nígbà tí wọ́n dá fóònù rẹ̀ padà fún un, ìpè Àlímì ti kún inú rẹ̀.

Àlímì ní màmá ti yídì dé, màmá ní ó rẹ òun, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè omi. Kí omi tó dé, ó ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni, èyí tí gbogbo wọn mọ̀ sí, tó sì ti mọ́ wọn lára.

Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ùsámà wa ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìtòìkín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kòtò ń gbé wọn sókè ó ń sọ wọ́n sílẹ̀, Waliyah ń sọ pé kí wọ́n dúró de òun, kí wọ́n ṣáà dúró de òun. Àmọ́ wọ́n ti kírun sí Làtífátù lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, erùpẹ̀ tútù ni wọ́n bá. Ùsámà ló gbá a mú kó má ṣubú lé e lórí, àyà rẹ̀ náà ló fi ojú pamọ́ sí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún fẹ́ kó di òun mú.

Ní ọjọ́ fídáù, Ùsámà tún wá, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa. Àwọn àgbà ilé ní ikú lọ́wọ́ Ọlọ́run ló wà, ọkùnrin tó bá ọmọ wọn dé ojú oórì ti di ọmọ àwọn. Àlímì pe àbúrò rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ó ní màmá ò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti di ti Waliyah fúnra rẹ̀. Waliyah ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó lọ bu omi lẹ́yìnkùlé, ó bá Mutmainah níbẹ̀ tó ń fọ abọ́. Ilé ìwé kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni òun náà. Mutmainah kí i, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí Waliyah fọkàn balẹ̀, àwọn wẹ màmá dáadáa, òun lòun da omi sí wọn lẹ́sẹ̀, ojú wọn sì tutù títí tí àwọn fi wé wọn nínú likàfánì.

Waliyah gbé garawa sílẹ̀.

"Ìwọ? Lọ́jọ́ Jímọ̀? O ò sí níbi ìdánwò?"

Mutmainah ní òun ti gbàyè ní Ọjọ́bọ̀. Òun kàn pe igbá-kejì ọ̀gá ni, ó ní kóun lọ ṣọdún, kò tilẹ̀ béèrè ìdí.

Waliyah pe Ùsámà sí ẹ̀gbẹ́ ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja. Iná kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló yọ̀ǹda Mutmainah?"

"Èmi ni."

"Kí ló sọ fún yín?"

"Ó ní òun fẹ́ lọ ṣọdún nílé."

"Èmi ńkọ́? Kí ni mo sọ?"

Omijé ti ń bọ́ lójú ọkùnrin náà. "Àbẹ̀kẹ́, ká ní olùkọ́ lásán ni ọ́ ni, ǹ bá ti jẹ́ kó o lọ. Torí pé tèmi ni ọ́ ni mi ò fi lè ṣe é."

"Mo mọ̀. Mo gbà yín gbọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá fẹ́ yín, bí ayé mi yóò ṣe rí nìyẹn. Èmi lẹ ó máa kọ́kọ́ fi nǹkan dù kí aráyé lè yìn yín. Bí mo bá bímọ, ó di ọmọ mi."

"Màá yí padà. Mo ti kọ́ ọgbọ́n."

"Ẹ ó yí padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi lẹ fi kọ́ ọ."

Ó bi í bóyá kò fẹ́ràn òun mọ́. Waliyah ní òun fẹ́ràn rẹ̀, kó máa lọ. Ó dúró níbẹ̀ títí ó fi gbọ́ ìró ọkọ̀ wọn tó ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ sá tẹ̀ lé e.

Ó tọrọ kí wọ́n gbé òun padà sí ilé ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì gbà. Ùsámà di ọ̀gá àgbà. Nígbà tí kàlẹ́ńdà ọdún tó tẹ̀ lé e jáde, ìsinmi Ìtúnu ti di ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kẹta wà fún ìgbà tí oṣù bá pẹ́ lé. Mutmainah ló sọ fún un pé Ùsámà ló ń ti ìpàdé bọ́ sí ìpàdé nítorí rẹ̀, pé àwọn kan pè é ní alákatakítí, àwọn kan ní ó fẹ́ ba ẹ̀kọ́ jẹ́, kò gbọ́, kò gbà. Kò sì tíì fẹ́yàwó.

Lọ́dún yẹn, oṣù kò pẹ́ lé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìsinmi, Waliyah lọ sí ojú oórì. Lọ́jọ́ kejì ó bá Àlímì àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí yídì. Lọ́jọ́ kẹta ó jí, ó wẹ̀, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán kó tó rántí pé ilé ìwé kò ṣí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Kò sí ilé ìyá tí yóò lọ.