Apá Sẹ̀gilọlá

Ọjọ́ tí Gbọ́láhàn kọ́kọ́ rí Sẹ̀gilọlá, irin ló gbé sókè orí, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ilé ìdárayá kan ní Òkè-Ìlá, ní Adó, ni. Dókítà ló ní kí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yìí máa gbé irin kí eegun rẹ̀ lè le. Gbọ́láhàn, nọ́ọ̀sì tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹ̀yìn dídùn ló gbé òun débẹ̀.

"Tíṣà, ẹ rọra, kí ẹ má baà gbé òrùlé lọ."

"Ẹ gbé tiyín ná, ká rí i."

Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tó ti di opó ni Sẹ̀gilọlá ti ń fi ìborùn bo apá rẹ̀, nítorí ẹran ara tó ń mì. Nígbà tí irin mú apá náà le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ tí kò lápá. Gbọ́láhàn á dì í mú, á ní, "Olólùfẹ́, ibí yìí ni màá fi ṣe ìrọ̀rí." Obìnrin náà gbà á gbọ́.

Gbọ́láhàn mú un lọ sí Ìyìn, ìlú rẹ̀, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí i. Nílé wọn, ìyàwó tó ń bọ̀ ní í gúnyán ọjọ́ náà. Sẹ̀gilọlá nìkan gún un, kò ní kókó kan. Adéọlá, ẹ̀gbọ́n Gbọ́láhàn, tẹjú mọ́ apá rẹ̀.

"Gbọ́láhàn, ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ lo mú wá sí ulé yìí?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Gbọ́láhàn náà rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Sẹ̀gilọlá fọ ọwọ́, ó wọkọ̀ padà sí Adó, ó tún fa ìborùn yọ. Gbọ́láhàn pè é lórí fóònù títí, kò gbé e.

Kí àsìkò òjò ọdún náà tó parí, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Gbọ́láhàn. Adéọlá ló pè.

"Aya wa, jọ̀ọ́. Ọsibítù ti dá a padà sí ulé. A ò lè gbé e dìde, egbò ti ń yọ lẹ́yìn rẹ̀."

Sẹ̀gilọlá lọ sí Ìyìn. Ó bọ́ ìborùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orúnkún, ó ki apá sábẹ́ ọkùnrin náà, ó gbé e jókòó. Gbọ́láhàn ń sunkún.

"Mo rẹ́rìn-ín," ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ ọ́.

"Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́."

"Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?"

Sẹ̀gilọlá wo ọwọ́ tó máa ń dì í mú, tó wá rọ sórí ibùsùn. Ọwọ́ yẹn kò ní gbá a mọ́ra mọ́ láéláé, ìyẹn sì dùn ún ju ẹ̀rín náà lọ.

"Màá fẹ́ yín. Àmọ́ n kò ní bo apá mi lọ́jọ́ náà."

Inú yàrá yẹn ni Fadá ìjọ wọn ti so wọ́n pọ̀. Nígbà tó ní kí tọkọtaya dìde, Sẹ̀gilọlá gbé ọkọ rẹ̀ dìde. Apá rẹ̀ wà níta gbangba. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.