Àwo Ìrẹsì tí Kọ̀máńdà Gbé Kalẹ̀

Obìnrin náà ń ti ọkọ̀ ojú omi jáde nínú ẹrẹ̀, ìbọn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé itan, ó sì ń bú àwọn ọmọ ogun tó ń bá a tì í pé ọwọ́ wọn rọ̀ bí òwú. Ẹ̀rín ń pa Sidóníò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, lọ kó tó dá ohùn náà mọ̀. Nígbà tó dá a mọ̀, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Kínta ni, Kínta tí wọ́n jọ ń dẹ akàn nígbà èwe wọn létíkun Orango, erékùṣù wọn.

Ọdún mẹ́tàlá rèé tí wọn ò ti rí ara wọn. Ògbufọ̀ àwọn Potogí tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn ni baba Sidóníò. Nígbà tí wọ́n ń kó èèyàn lọ la ọ̀nà ní tipátipá, ó bi ọmọ rẹ̀ níbi tí baba Kínta sá sí. Sidóníò, ọmọ ọdún mẹ́wàá, nàka síbẹ̀. Baba Kínta ò padà wálé mọ́.

"Kọ̀máńdà," Sidóníò ní, "wọ́n ní kí n wá dara pọ̀ mọ́ yín láti lé àwọn Potogí lọ."

Kínta wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé o ṣì máa ń nàka?"

"Rárá."

"A máa rí i. Wọnú ọkọ̀."

Oṣù kan gbáko, àṣẹ nìkan ló ń bá a sọ. Ó dun Sidóníò wọra, torí ìfẹ́ Kínta ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ àwọn Potogí tẹ Sidóníò lẹ́bàá odò. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi lù ú kó lè fi ibi tí ọkọ̀ Kínta wà hàn. Kò sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Kínta kó ogun dé, ó gba àgọ́ náà, àwọn Potogí sì sá lọ láìwẹ̀yìn.

Ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ ni Kínta ti gbé ìrẹsì elépo àti ẹja síwájú Sidóníò. Àwọn ọmọ ogun sún mọ́ wọn. Ní Orango, obìnrin ló ń yan ọkọ. Oúnjẹ ló sì fi ń yàn án. Bí ọkùnrin bá ti jẹ ẹ́, ó ti gbà nìyẹn.

Sidóníò ò fọwọ́ kàn án.

"Bí o ò bá ní í jẹ ẹ́, sún un síbí o!" ọmọ ogun kan kígbe.

"Ebi ò pa ọ́ ni?" Kínta bi í.

"Ebi ń pa mí kú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àánú ojú mi tó wú ló ṣe ọ́, jọ̀ọ́, gbé e padà. Baba rẹ ńkọ́?"

Omi lé ròrò lójú Kínta. "Mo ti sunkún baba mi. Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn, mo sì ti dárí jì ọ́. Ìwọ ọkùnrin yìí, ọmọ Orango wo lo rí tó ṣèèṣì gbé oúnjẹ síwájú ọkùnrin?"

Ọwọ́ Sidóníò ti wú, kò ká. Kínta fọwọ́ ara rẹ̀ bu ìrẹsì sí i lẹ́nu, ariwo ayọ̀ sì sọ lágọ̀ọ́.

Sidóníò jẹ ẹ́ tán, ó ní kó tún bù sí i.